Ìkìlọ̀ Tí Màmá Atẹ̀wé Fọwọ́ Ara Rẹ̀ Kọ

"Ẹ pa ẹ̀rọ yẹn! Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, mi ò ní bá ariwo irin du ún."

Bí Màmá Atẹ̀wé ṣe wọ ṣọ́ọ̀bù àwọn wẹ́dà nìyẹn láàárọ̀, láì kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n fún un níjòókòó, ó kọ̀ ọ́. Aṣọ tó dára jù nínú àpótí rẹ̀ ló wọ̀, torí ó ti pinnu pé bí òun bá tiẹ̀ máa tẹ́, òun ò ní tẹ́ nínú aṣọ iṣẹ́. Àbúrò rẹ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù náà jókòó sórí bẹ́ǹṣì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì kan tí wọn ò tíì jó tán. Ọkùnrin tó máa ń dá géètì gbé tẹ́lẹ̀ ni, àmọ́ láti ìgbà tí àrùn ọkàn ti gbé e dúbúlẹ̀ ní ọsibítù, rírìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù ti di iṣẹ́ ńlá fún un. Ìyàwó rẹ̀ dúró tì í. Àwọn wẹ́dà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọkùnrin tó ń bá wọn kun géètì lọ́dà ló kù níbẹ̀. Dókítà ti sọ ọ́ kedere pé bí kò bá fi sìgá sílẹ̀, ọkàn rẹ̀ kò ní lè fara da ìkọlù mìíràn. Sìgá sì wà lápò rẹ̀ bí Màmá ṣe ń wò ó yìí.

Ẹni tí kò bá mọ Màmá Atẹ̀wé ni yóò rò pé ìtìjú lásán ló gbé e wá. Ilé ìtẹ̀wé tó ti ń ṣiṣẹ́ ló ń tẹ ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìgò oògùn, ike òróró àti páálí ọṣẹ, òun sì ni olórí àwọn tó ń to lẹ́tà. Ó máa ń sọ pé, "Ẹni tí kò bá ka ohun tí mo tò, ojú ló ń dùn ún." Bó ṣe ń fi lẹ́tà yangàn, bẹ́ẹ̀ ló ń fi àbúrò rẹ̀ yangàn. Òun ló tọ́ ọ nígbà tí ìyá wọn kú, òun ló mú un lọ kọ́ iṣẹ́. Géètì tó bá dára lójú rẹ̀ ní títì, á ní, "Ẹ wò ó, ọmọ mi ló jó o." Nígbà míì, ọmọ rẹ̀ kọ́ ló jó o.

"Mo wá jẹ́wọ́ ni," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi. Àbọ̀ òótọ́ kọ́ ni mo gbé wá, odidi ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé àbúrò mi ti fi sìgá sílẹ̀ nígbà kan. Nọ́ọ̀sì ló sọ fún un pé bí kò bá lè fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó kọ́kọ́ fi oníná sílẹ̀, kó máa fa oníbátìrì tí wọ́n ń pè ní fépù, kó wá máa dín ìyẹn náà kù díẹ̀díẹ̀. Ó sì ṣe é! Ikọ́ rọlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé mi láì dúró mí lágbedeméjì. Ta ni kò rí i? Èmi ni mi ò fẹ́ rí i. Èéfín ni èéfín lójú tèmi. Mo ní ọmọ tí mo tọ́ kò gbọdọ̀ máa fa ohun tó ń rùn bíi súwíìtì."

"Ẹ ò tiẹ̀ jẹ́ kó fà á nílé yín, Ẹ̀gbọ́n," ìyàwó àbúrò rẹ̀ sọ.

"Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Wọ́n wá gbé iṣẹ́ kan wá sílé ìtẹ̀wé wa, ìkìlọ̀ tí ìjọba ní kí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ páálí fépù: 'Ọjà yìí ní nikotíìnì nínú. Nikotíìnì máa ń di bárakú.' Mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Ìkìlọ̀ wo lèyí? Ìkìlọ̀ tí kò léyín lẹ́nu! Èmi tí mo ti ń to lẹ́tà kí ọ̀gá mi tó hu irùngbọ̀n, ṣé irú èyí ni mo máa gbé fún ọmọ ìyá mi kà? Mo ya ẹ̀dà kan sọ́tọ̀ fún páálí tiẹ̀, mo pa ọ̀rọ̀ ìjọba rẹ́ níbẹ̀, mo kọ tèmi: 'Ọjà yìí burú ju sìgá lọ. Ẹ̀dọ̀fóró ẹni tó bá ń fà á yóò jẹrà.' Mo fi ìlà dúdú yí i ká bíi ti ìjọba, irú lẹ́tà kan náà, ìwọ̀n kan náà. Ẹ gbọ́, ìjẹ́wọ́ ni mò ń ṣe, àmọ́ mi ò ní purọ́ mọ́ ọn: ó dára! Mi ò tíì to ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí."

Ọkùnrin ọlọ́dà náà bú sẹ́rìn-ín. "Màmá, ṣé ẹjọ́ lẹ wá rò ni àbí ẹ wá polówó ọjà?"

"Pa ẹnu ẹ dé. Ìgbéraga tó ò ń gbọ́ yẹn gan-an ló ṣe é. Èmi ni mo máa ń bá a ra fépù, torí ẹni tó ń tà á kò jìnnà sílé ìtẹ̀wé wa. Mo ṣí ti ìjọba kúrò lára páálí, mo lẹ tèmi mọ́ ọn. Ó kà á, ó da fépù inú ẹ̀ sínú ike ìdọ̀tí. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo jó! Mo ní lẹ́tà tèmi ti ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì ò lè ṣe. Mi ò tíì jó tán tí òórùn sìgá fi gba ojú fèrèsé wọlé. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ níta pé, 'Bí ìyẹn bá burú ju sìgá lọ, ìyà kí ni mo ń fi jẹ ara mi? Jẹ́ kí n padà sídìí èyí tí mo mọ̀.'"

Ọlọ́dà ò rẹ́rìn-ín mọ́. "Èmi náà ti ra fépù tèmi nígbà yẹn," ó ní. "Ọ̀gá wa tó jókòó yìí fi páálí yẹn hàn mí, mo bá lọ dá a padà. Sìgá ni mo ṣì ń fà dòní."

Màmá ò mọ èyí tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló rò pé òun kọ ọ́ fún.

"Kò tíì burú tán," ó ní, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀. "Lẹ́yìn ìyẹn, àbúrò mi mú páálí náà wá bá mi. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin lẹ mọ irú ìwé yìí. Ṣé òótọ́ lohun tí wọ́n kọ síbí?' Sìgá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tíì ṣáná sí i. Bí mo bá ní irọ́ ni, á sọ ọ́ nù, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ á bi mí pé ta ló pa irọ́ náà. Èmi Màmá Atẹ̀wé, tí wọn kì í rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ mi! Mo wojú ọmọ tí mo tọ́, mo ní, 'Òótọ́ ni.' Ó tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ṣáná sí sìgá ẹ̀, ó lọ."

Ìyàwó àbúrò rẹ̀ pariwo. "Ẹ̀gbọ́n! Nígbà tá a dé láti ọsibítù, tí mo tún ra fépù wá, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó fi rọ́pò sìgá, tó ní òun ò ní fọwọ́ kàn án! Ẹ wà níbẹ̀!"

"Mo wà níbẹ̀," Màmá dáhùn. "Mò ń wò ẹ́."

Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Fépù ò dára o. Ẹni tí kò fa nǹkan kan rí kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn, bárakú ni lóòótọ́. Àmọ́ irọ́ ni pé ó burú ju èyí tó wà lápò rẹ lọ, èmi ni mo pa á. Mo bẹ̀ ẹ́, dárí jì mí, kó o sọ sìgá yẹn nù. Bó ò bá sì ní dárí jì mí, ṣáà sọ ọ́ nù."

Àbúrò rẹ̀ kọ́kọ́ mí dáadáa kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́. Gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ nígbà tẹ́ ẹ gbé e lé mi lọ́wọ́."

"O mọ̀? Kí ló dé tó o tún fi wá bi mí?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ kàn ń dẹ́rù bà mí ni. Ẹ ní òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìjọba ti ń kọ ìkìlọ̀ sára páálí sìgá látọjọ́ tí mo ti ń fà á, mi ò kà á sí rí. Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́."

Ó ti ọwọ́ bọ àpò, ó yọ sìgá rẹ̀ jáde, ó nà án sí i. "Ẹ gbà. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ sọ, mò ń gbọ́."

Màmá Atẹ̀wé gbà á, ó rún un mọ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Má kú," ló rí sọ.