Èmi Ni Mo Túmọ̀ Ọ̀rọ̀ Oyíndà fún Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ará ìjọ wa ní Mission Bend, ní Houston níbí, ẹ fi Oyíndà sílẹ̀. Ẹ ti bú u tó. Láti ìgbà tí ẹ ti ń rí i nínú ètò tẹlifíṣọ̀n yẹn, tí wọ́n kó àwọn àjèjì sínú ilé kan tí kámẹ́rà ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru, ni ẹ ti ń pè é ní ọmọ tó pa ìyá rẹ̀ tì títí ìyá fi kú. Irọ́ ni. Èmi Bíyìí, àbúrò ìyá rẹ̀, tí ẹ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé mo tọ́jú aláìsàn, èmi ni mo ya ìyá àti ọmọ. Dókítà ti sọ fún mi pé ẹ̀dọ̀fóró mi kò ní gbé mi jìnnà mọ́. Mi ò ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ ilẹ̀ lọ.

Ẹ gbọ́ ohun tó fa ìbínú mi, kì í ṣe kí ẹ lè káàánú mi. Mi ò parí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni mo ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ. Nígbà tí Oyíndà wà lọ́mọdé, ó bọ́ síwájú ìjọ lọ́jọ́ àwọn ọmọdé, ó fọwọ́ sí ìbàdí bíi tèmi, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi tèmi, gbogbo yín sì rẹ́rìn-ín títí ẹ fi ń nu ojú. Ẹ̀gbọ́n mi Adébùnmí, ìyá rẹ̀, náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bíyìí, tújú ká. Ọmọdé ni." Mi ò tújú ká. Mo gbé e sínú, mo sì ń bọ́ ọ bí ẹni ń bọ́ ajá.

Oyíndà dàgbà, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Japan, ibẹ̀ ló sì ti bọ́ sínú eré orí tẹlifíṣọ̀n wọn. Òun kọ́ ni olú eré. Á gbé tíì wọlé, á tẹrí ba, ó tán. Nínú òmíràn, òun ni aládùúgbò tí wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Nínú òmíràn, òkú ni, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan la rí. Ìyá rẹ̀ ń wo gbogbo rẹ̀. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara rẹ̀ nígbà náà, mo ti kó kúrò ní Greenspoint wá sílé rẹ̀ láti tọ́jú rẹ̀. Bí mo bá lọ síbi iṣẹ́ ní Pasadena, Rónkẹ́ ará ìjọ wa á jókòó tì í. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè náà, síbẹ̀ á jókòó ti odidi eré nítorí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ baba rẹ̀ nìyẹn," á wí. Rónkẹ́ á ní, "Mọ́mì, òkú yìí mà ń gbọn ìka ẹsẹ̀."

Eré kan wá wà tí Oyíndà ti ṣe olùtọ́jú ní ilé àwọn arúgbó. Arúgbó tó ń tọ́jú kú. Wọ́n ń fà á kúrò nídìí bẹ́ẹ̀dì, ó di bẹ́ẹ̀dì mú, ó ń sunkún, ó ń pariwo pé, "Iya da! Iya da!" Ẹ̀gbọ́n mi gbìyànjú àti dìde lórí àga. "Bíyìí, ṣé o gbọ́? Yorùbá ló sọ. 'Ìyá dà?' ló wí. Èmi ló ń béèrè láàárín àwọn èèyàn yẹn." Ó di oúnjẹ rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Lójoojúmọ́, á ní ká dá eré padà síbẹ̀, á sì dá tẹlifíṣọ̀n lóhùn pé, "Mo wà níbí o." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ tó ti kú kọ́ bí a ṣe ń di ife mú.

Lọ́jọ́ kan Oyíndà pè. Fóònù wà lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ ń jáde sí gbangba, kò sì mọ̀ pé mò ń fọ abọ́ nítòsí. Ó ní, "Mọ́mì, mo fẹ́ wá nọ́ọ̀sì gidi fún yín. Ọ́ńkù ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọn ò lè ka ohun tó wà lára ìgò oògùn. Ẹ̀rù ń bà mí." Òótọ́ ló sọ. Àwọ̀ ni mo fi ń dá oògùn mọ̀. Òótọ́ yẹn ló gún mi wọnú egungun.

Níbi iṣẹ́, mo bi Charles, ọmọ Yorùbá kan tó ti gbé Japan rí, pé kí ló ń jẹ́ iya da. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọ̀rọ̀ ọmọdé tí kò fẹ́ jẹun ni, Bùrọ̀dá. 'Mi ò fẹ́, mi ò gbà.' Ta ló sọ ọ́ sí yín?" Mo ní kò sí ẹnì kankan. Mo wakọ̀ láti Pasadena délé, inú mi ń dùn. Ẹ tún un kà: inú mi ń dùn.

Mo jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní, "Ẹ má fi ara yín ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Kì í ṣe Yorùbá. 'Mi ò fẹ́' ló ń wí." Ká ní mo dúró níbẹ̀ ni, ǹ bá sọ pé mi ò purọ́. Mi ò dúró. Mo ní, "Arúgbó yẹn ni ọmọ yín kò fẹ́ mọ́. Ẹ̀yin sì ni arúgbó yẹn. Òun ló sọ ìtàn àìsàn yín fún wọn kí wọ́n lè fi í sínú eré." Ó ní, "Oyíndà?" Mo ní, "Oyíndà." Ó ní kí n pa tẹlifíṣọ̀n. Kò gbìyànjú àti di ife mú mọ́.

Bí ọmọ bá pè, á ní, "Sọ fún un pé mo ti sùn." Èmi náà á sọ ọ́ tayọ̀tayọ̀. Oyíndà á ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, kí ni mo ṣe fún Mọ́mì?" Mo ní, "Bi ara rẹ." Ní àárọ̀ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, ó fi ọwọ́ tó ṣì dára di aṣọ mi mú. Ó ní, "Bíyìí, bó ti wù kó rí, ọmọ mi ni. Pè é fún mi." Èyí ló burú jù, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, irọ́ mi á tú. Mo gbé fóònù sétí, mi ò tẹ nọ́ńbà kankan. Mo ní, "Kò gbé e." Ó ní kí n tún pè. Mo tún gbé fóònù tí kò pe ẹnikẹ́ni sétí, lójú rẹ̀ báyìí. "Kò gbé e, ẹ̀gbọ́n mi." Ó yíjú sí ògiri. Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi kú. Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àwọn tí wọ́n jọ wà nínú ilé kámẹ́rà yẹn ń fi Oyíndà ṣe yẹ̀yẹ́ pé agbétíì ni ní Japan. Ọ̀kan bi í pé èwo ló fẹ́ràn jù nínú àwọn ipa kékeré yẹn. Ó ní èyí tí òun ti ṣe olùtọ́jú. Ó ní ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n kọ fún òun, òun ló bẹ dírẹ́kítọ̀ pé kó jẹ́ kí òun sọ iya da, nítorí létí ìyá òun ní Houston, "Ìyá dà?" ni yóò jẹ́. Ó ní òun fẹ́ kí ìyá òun mọ̀ pé òun ń pè é, ṣùgbọ́n ìyá òun kò gbé fóònù òun mọ́ títí ó fi kú, òun ò sì mọ ẹ̀ṣẹ̀ òun. Ó sunkún. Rónkẹ́ kọ ọ́ sórí wáàsáàpù ìjọ pé omijé eré ni, pé ó ń fi òkú ìyá rẹ̀ wá ìbò àwọn òǹwòran. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe àmín sí i kò kéré. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ ọmọ rẹ̀ yékéyéké, láìbi ẹnikẹ́ni. Èmi tí mo lọ wádìí ni mi ò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí wọ́n dìbò lé e jáde nínú ilé náà, mo pè é, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì ní kí ẹ pè mí?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." "Wọ́n tún ní kí ẹ pè?" "Wọ́n tún ní kí n pè." Ó ní, "Ẹ lọ sọ ọ́ fún ìjọ bí ẹ ṣe sọ ọ́ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ má pè mí mọ́." Ó gbé fóònù sílẹ̀.

Mo ti sọ ọ́. Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí, ẹ̀yin kọ́ ni mo ṣẹ̀, ọwọ́ yín pàápàá ò sì mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ yín, ẹ bá a jà lójúkojú lọ́jọ́ náà, kí ẹ pariwo, kí ó tán. Oyíndà ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú láti lọ sí ibojì ìyá rẹ̀. Èmi ò ní ojú tí mo fẹ́ gbé débẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ lọ. Rónkẹ́, ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Ẹ lọ, kí ọmọ náà má bàa dá dúró níbẹ̀.