Ọ̀pá Tí Ìyá Iná Rì Bọ Omi

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú Ìyá Iná, ó sì ti tó gẹ́ẹ́ kó jáde. "Ẹ pa ẹ̀rọ," ó ní, "ẹ ṣí ìbòjú yín. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́ láyé." Àwọn wẹ́dà tó ń jórin ní ṣọ́ọ̀bù náà pa ẹ̀rọ. Ọmọbìnrin rẹ̀ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, bàtà iṣẹ́ tuntun lẹ́sẹ̀, omi lójú, torí Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a lóhùn tán nípa iṣẹ́ tó wá tọrọ ni. "À bá gbà ọ́ ká ní ọkùnrin ni ọ́," Ọ̀gá ti wí. "A gba obìnrin míì rí lẹ́yìn ìyá rẹ, táńkì tó jó sì jò lójú oníbàárà. Ìyá rẹ ò láfiwé. Ẹnì kan ṣoṣo ni."

Ẹnì kan ṣoṣo! Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, ọ̀rọ̀ yẹn dùn létí Ìyá Iná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ rí màbo. Wọ́n ń rán an lómi bí ọmọ ọ̀dọ̀. Kò síbi tó ti máa pààrọ̀ aṣọ, ẹ̀yìn irin tí wọ́n kó jọ ló ń sá sí. Ó fara dà á títí apá wọn ò fi ká a mọ́, ni wọ́n bá ń gbá a lẹ́yìn pé, "Ọkùnrin bíi tiwa ni ẹ́." Ó sì gba ìyẹn bí oríyìn. Ẹni tí ìyà yẹn jẹ, ṣebí òun gan-an ló yẹ kó di obìnrin tó bá tún dé mú?

Òmíràn sì dé lóòótọ́. Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ni wọ́n sọ ọ́, torí irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí àwọn tó kù ń jó lu, òun á jó o pọ̀ láìlu. Irin tó nípọn nìkan ni wọ́n mọ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, gbogbo wọn sì ń ronú bákan náà. Òun á béèrè ohun tí ẹnì kankan ò rò rí. Bí àwọn tó ń ṣe wàrà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé táńkì wọn wá nìyẹn. Lọ́jọ́ kan Ọ̀gá ní, "Ìyá Iná, ẹ wá wo ọwọ́ ọmọ yìí." Inú rẹ̀ bà jẹ́ pátápátá. Ó rò pé àyè obìnrin kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n sì ti fẹ́ gbà á lọ́wọ́ òun.

"Ẹ gbọ́," Ìyá Iná wí fún àwọn wẹ́dà. "Gbogbo yín mọ̀ pé inú àpótí gbígbóná là ń tọ́jú ọ̀pá tí a fi ń jórin sí. Tó bá rin, ojú ibi tí a jó á ní ihò wínníwínní tí ojú ò lè rí. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fẹ́ parí táńkì oníwàrà kan, ó ti kó ọ̀pá tirẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀pá mi, kí n sáré lọ fún ọmọ lọ́mú.' Mo ní, 'Máa lọ, àbúrò mi.' Àbúrò mi, ẹnu mi yìí ni mo fi pè é! Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà, mo rì wọ́n bọ omi. Mo fi àkísà nù wọ́n kí wọ́n lè dà bíi gbígbẹ, mo sì tò wọ́n padà bó ṣe tò wọ́n."

Èyí tó burú jù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sínú táńkì, tí wọ́n fi omi ọṣẹ pa á lára, ọṣẹ náà hó jákèjádò ibi tí Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ jó, àmì pé ó ń jò. Ó yíjú sí Ìyá Iná, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ mọ bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́." Ìyá Iná sì wo ojú rẹ̀, ó ní, "Bóyá ọmọ tó ń tọ́ ni ò jẹ́ kọ́wọ́ rẹ̀ balẹ̀." Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà. Àwọn oníwàrà ò padà wá mọ́, wọn ò sì gba obìnrin míì síṣẹ́ níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ọ̀gá fọwọ́ pa orí. "Ó ti pẹ́," ó ní. "Kí ọmọ yín wá bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé." Ìyá Iná kúnlẹ̀ níbi tó wà. Ọmọ rẹ̀ ò fà á dìde. "Màmá," ó ní, "àwa kọ́ lẹ máa kúnlẹ̀ fún."

Àwọn méjèèjì jọ lọ ni. Wọ́n bá Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lójú fèrèsé ilé rẹ̀, ó ń rán bọ́tìnì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì olówó iṣẹ́. Ìyá Iná ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.

"Mo rò pé ọwọ́ mi ni," Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ ní. "Ohun tí mo sọ fún ọkọ mi nìyẹn. Ohun tí mo sọ fún ọmọ mi náà nìyẹn, pé ọwọ́ mi ò dáa fún iṣẹ́ yẹn. Àṣé ọ̀pá ló rin."

"Ọ̀pá ló rin," Ìyá Iná wí, ó ń sunkún. "Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ọmọbìnrin náà ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ kọjú sí. "Ṣé wọ́n ti gbà ẹ́ síṣẹ́?"

"Wọ́n ní kí n wá lọ́jọ́ Ajé, mà."

"Lọ. Tí obìnrin míì bá dé lẹ́yìn rẹ, tó ní kó o bá òun wo ọ̀pá òun," ó fi eyín já òwú, "bá a wò ó."