Kóìlì Bàbá Kàsúmù

Allah tó jí wa láàárọ̀ yìí, tó bo àṣírí wa níwájú ara wa, Ìwọ la dúpẹ́ lọ́wọ́ Rẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà máa bá Ànábì wa, àti àwọn ará ilé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tó bá tẹ̀lé wọn.

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ ṣé tí ẹ pè mí. Ẹ ní kí n wá ṣe àdúà ọdún fún yín kí iṣẹ́ máa wọlé. Màá ṣe é. Ṣùgbọ́n amánà ni mo fẹ́ sọ lónìí, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kọ́kọ́ là á fún òun. Ohun tí wọ́n bá fi síkàáwọ́ rẹ, Allah ní kí o dá a padà fún ẹni tó ni ín, bó ṣe wà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ jókòó lápá ibẹ̀ yẹn, ẹ má máa wo àwọn ọkùnrin bí ẹni pé àwọn nìkan ni mo ń bá wí. Ẹni tó gba aṣọ rán, amánà ni. Ẹni tí wọ́n gbé ọmọ tì, amánà ni. Fóònù ta ló ń dún yẹn? Ẹ bá mi pa á. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kò dùn, mo ti tètè sọ fún yín.

Mi ò ní dárúkọ ìlú. Ẹ jẹ́ ká pe ọkùnrin náà ní Tìámíyù. Mẹkáníìkì gidi ni, kì í ṣe ayédèrú. Lọ́jọ́ kan, Alhaji Jinádù gbé ọkọ̀ wá bá a, ọkọ̀ àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un.

Ó ní, "Tìámíyù, bí mo bá gbéra láàárọ̀, kò sí wàhálà. Bó bá ti gbóná báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Bí mo bá dé ibi òkè, màá tẹ̀ ẹ́ títí, kò ní fà. Á sì kú."

Tìámíyù tan ọkọ̀. Ó ń yọ wáyà púlọ́ọ̀gì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ́tí. Bó bá jẹ́ púlọ́ọ̀gì kan ló kú, tí o bá yọ wáyà rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì kò ní yí padà. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀yin ọ̀gá? Ẹ̀ ń mi orí. Eléyìí, èyíkéyìí tó bá yọ ni ohùn ń yí padà. Ó tú kabúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ó wò ó bóyá epo ń wá. Epo ń wá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná, tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ó fọwọ́ kan kóìlì, ìyẹn agolo kékeré tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ó sì yára fa ọwọ́ padà. Ó ki àkísà bọ omi, ó fi wé e. Kò pẹ́, ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ń dún wẹ́rẹ́. Àìsàn ti hàn. Kóìlì yẹn ló ń kú lọ. Bó bá tutù, á ṣiṣẹ́. Bó bá gbóná, á dákú. Ẹ fi àkísà tútù yẹn sọ́kàn o.

Kò sí kóìlì tuntun nítòsí, àfi Ìbàdàn. Alhaji Jinádù wà lábẹ́ igi, ó ń pariwo pé walímà ọmọ òun ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ máa ń ṣe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ dájú pé nǹkan kan ló bàjẹ́, ẹ ó yọ èyí tó dáa lára ọkọ̀ mìíràn nínú ọgbà, ẹ ó fi dán an wò. Kò sí láìfí níbẹ̀ bí ẹ bá dá a padà. Ẹ ò dáhùn? Mo ní bí ẹ bá dá a padà!

Ọkọ̀ Bàbá Kàsúmù ló wà nínú ọgbà. Wọ́n gbé e wá kí wọ́n bá a jó irin ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó ti dípẹtà pọ̀, kò sí nǹkan tó ṣe ẹ́ńjìnnì. Irú ọkọ̀ kan náà ni pẹ̀lú ti Alhaji. Bàbá arúgbó ni Bàbá Kàsúmù, abúlé kan lẹ́yìn òkè ló ń gbé, òun nìkan ló sì ní mọ́tò níbẹ̀. Bí obìnrin bá ń rọbí, òun ni yóò gbé e dé ọsibítù. Nítorí Allah ni, kì í gba nǹkan kan.

Tìámíyù yọ kóìlì Bàbá, ó fi sí ọkọ̀ Alhaji. Ọkọ̀ ta kìjí! Alhaji ní, "Má tú u mọ́, mò ń lọ!" Ó lọ. Tìámíyù wá mú kóìlì tó ń kú lọ yẹn, ó dì í mọ́ ọkọ̀ Bàbá. Ó ní bí òun bá dé Ìbàdàn, òun á ra tuntun fún un. Ẹ gbọ́, kò purọ́. Ó ní in lọ́kàn lóòótọ́.

Bàbá Kàsúmù dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí Tìámíyù tó lọ Ìbàdàn. Kí ni ì bá sọ? "Bàbá, ẹ ṣe sùúrù." Tàbí kó kàn sọ pé, "Bàbá, bó bá dákú lọ́nà, ẹ fi àkísà tútù wé ibí." Ọ̀rọ̀ ò jáde. Torí bó bá sọ ọ́, Bàbá á bi í pé ta ló pààrọ̀ nǹkan òun. Ọkọ̀ tutù, wọ́n ṣáná sí i, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Bàbá tẹ́wọ́ méjèèjì sókè: "Tìámíyù, Allah á san ọ́ lẹ́san ohun tí o ṣe sí ọkọ̀ yìí." Tìámíyù ní àmín.

Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ, Àṣíátù, ìyàwó Badirú, bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí lọ́sàn-án gangan. Oyún àkọ́kọ́ ni. Ọmọ ti dábùú. Wọ́n gbé e sẹ́yìn ọkọ̀ Bàbá. Nígbà tí wọ́n dé ìdajì òkè, ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mísì. Bàbá tẹ̀ ẹ́, kò fà. Ó kú.

Bàbá ṣí iwájú ọkọ̀. Ó wo epo, epo wà. Omi wà nínú kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀. Ó bu ú sínú rèdíétọ̀. Kóìlì wà níbẹ̀ tó ń jó bí iná, kò mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá dúró díẹ̀, ọkọ̀ á tan, á rìn díẹ̀, á tún kú.

Àṣíátù ní, "Bàbá, ṣé a ti dé?"

"A ti fẹ́ẹ̀ dé, ọmọ mi."

"Bàbá, ẹ má tàn mí."

Ẹ̀bá ọ̀nà yẹn ló kú sí, tòun tọmọ. Innaa lillaahi. Omi wà nínú ọkọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi! Àkísà wà nínú ọkọ̀!

Bàbá Kàsúmù gbé ọkọ̀ padà bá Tìámíyù, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Tìámíyù, kí ni mo ṣe tí kò dáa? Ṣé omi tí mo bù sí i ni? Èmi ni mo pa ọmọ ọlọ́mọ." Ǹjẹ́ ẹ mọ èsì tí ó fún un? Ó ní, "Bàbá, ọkọ̀ ti gbó ni. Ẹ gbà á sí kádàrá." Ẹ wò ó, ó fi orúkọ Allah bo kóìlì mọ́lẹ̀. Bàbá kò wa ọkọ̀ mọ́. Àwọn obìnrin abúlé ń fẹsẹ̀ rìn. Ìrònú yẹn ló wọ Bàbá lára títí tó fi kú, tó gbà pé apànìyàn ni òun.

Èmi ni mo kírun sí i lára. Bí a ṣe máa ń ṣe, mo kọjú sí ìjọ, mo ní, "Ẹni tí Bàbá yìí bá ṣẹ̀, kó fi jì í." Gbogbo wọn ní, "A fi jì í!" Ohùn Tìámíyù ló ròkè jù. Ó fi ji Bàbá Kàsúmù.

Lẹ́yìn náà ló wá bá mi, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní ṣé bí òun bá pa àgbò, tí òun gba ààwẹ̀, ṣé kò ní tán? Mo ní kó lọ sọ fún Badirú. Ó ní, "Alfa, ẹ̀gbọ́n ni Badirú ń pè mí. Mi ò lè wo ojú rẹ̀." Mo ní bí Badirú bá tiẹ̀ fi jì í, ìpín ti Badirú nìyẹn. Ti Àṣíátù wà lọ́dọ̀ Àṣíátù, ti Bàbá wà lọ́dọ̀ Bàbá, ó di ọjọ́ àlùkìyámọ̀. Ó bi mí pé, "Alfa, ta ni kí n wá bẹ̀?" Ó ti ra kóìlì tuntun náà ṣá. Ó ṣì wà nínú páálí rẹ̀ lórí pẹpẹ. Tìámíyù kò tíì dé ọ̀dọ̀ Badirú di òní.

À ń bèèrè nídìí òkú pé ta ni òkú ṣẹ̀. A kì í bèèrè pé ta ló ṣẹ òkú.

Ó tó. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹni tí nǹkan ọkọ̀ kan bá wà lára ọkọ̀ mìíràn nínú ọgbà rẹ̀, láìjẹ́ pé olówó rẹ̀ mọ̀, kó dìde kó lọ tú u báyìí. Màá dúró dè yín.

Mo ní màá dúró.

Kò sẹ́ni tó dìde? Ó dáa. Ẹ tẹ́wọ́. Allah, tọ́ wa sọ́nà nígbà tí ẹni tí a ó bẹ̀ ṣì lè dá wa lóhùn. Má jẹ̀ẹ́ kó pẹ́ jù fún wa bó ṣe pẹ́ jù fún ẹni yẹn.

Mo gbọ́ àmín yín. Tìámíyù náà ṣe àmín láàárín yín.