Ọ̀dà Pupa Lórí Ìdérí Tánkì

Ẹ pa rédíò yẹn, kí ẹ sì jókòó. Ehoro, fi abẹ ìfárùngbọ̀n yẹn sílẹ̀ ná, irùngbọ̀n mi ò ní sá lọ. Dókítà ti sọ fún yín pé ọkàn mi ti rẹ̀, ẹ rò pé mi ò gbọ́, ẹ wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi láti àárọ̀ bí ẹni ń tan ọmọdé. Mo gbọ́. Ikú kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níkùn mi láti ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, òní ló sì gbọ́dọ̀ jáde. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun tí ẹ wá, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ìwọ ọmọ mi àgbà, máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo bá ṣe ń sọ ọ́. Má bá mi tún un ṣe, má sì fi iyọ̀ sí i.

Ṣé ẹ̀yin ọmọ mọ ìdí tí a fi ń pe ọ̀rẹ́ mi yìí ní Ehoro? Etí rẹ̀ ni. Àwa méjèèjì la jọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, a jọ parí, a sì jọ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí alùpùpù bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, Ehoro á gbórí sókè, á ní, "Pílọ́ọ̀gì ẹni yẹn ti dúdú," kí ẹni náà tó yà sọ́dọ̀ wa rárá. Bí a bá sì tú pílọ́ọ̀gì ọ̀hún, bó ṣe wí náà la ó bá a. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àbúrò tí ìyá mi bí lé mi lọ, ẹ má jẹ́ kí àbúrò mi gbọ́. Ṣùgbọ́n mo ń jowú rẹ̀ díẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe díẹ̀. Èmi náà ní etí méjì, tèmi kàn wà láti di fìlà mú ni.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni ìyàwó mi fi rọbí ọmọ tó ń kọ̀wé yìí. Nọ́ọ̀sì, ẹ ò sùn, ẹ ò jẹun, ẹ dúró tì í títí ó fi bímọ, tìyá tọmọ wà láàyè. Mi ò mọ bí mo ṣe lè dúpẹ́. Nígbà tí ẹ wá gbé alùpùpù yín wá kí a bá yín tọ́jú rẹ̀, mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Ehoro tú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, ó fọ̀ ọ́, ó tò ó padà. Èmi ní tèmi ha tánkì mọ́, mo fi ọ̀dà pupa kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta, àti tánkì àti ìdérí rẹ̀, títí tí èèyàn fi lè wo ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Ẹ rántí? Ẹ ní, "Ṣé tèmi nìyí?" Inú mi dùn bí ẹni pé mo tún bí ọmọ mìíràn.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí alùpùpù náà fi bẹ̀rẹ̀ ìwà. Bó bá ti rìn tó bí ogún ìṣẹ́jú, á bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, agbára rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, pàápàá bó bá ń gun òkè, á sì kú. Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ ṣe bí alùpùpù bá kú lójú ọ̀nà ni pé wọ́n á ṣí tánkì wò bóyá epo ti tán. Nọ́ọ̀sì á ṣí i, epo wà. Wọ́n á dé e, wọ́n á fẹsẹ̀ ta á, á jí bí ẹni pé kò sóhun tó ṣe é. Bí wọ́n bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, àwa náà á tún kọ́kọ́ ṣí tánkì, ara alùpùpù á yá. A pààrọ̀ pílọ́ọ̀gì. A gbọn eruku inú asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, a yẹ wáyà wò, Ehoro tún kábúrétọ̀ fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì sí i. Níkẹyìn, ó jókòó sẹ́yìn Nọ́ọ̀sì lórí alùpùpù náà, wọ́n jọ lọ títí ó fi kú. Nígbà tó dé, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ́ńjìnnì yìí ò láìsàn kankan. Ibì kan ni kò ti ráyè mí." Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Mo ní, "Ikọ́ fée ló ní nìyẹn. Ní kí Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́." Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín, òun náà bá wa rẹ́rìn-ín.

Ní Ọjọ́rú kan, Nọ́ọ̀sì, wọ́n wá pè yín sí obìnrin kan tó ń rọbí lẹ́yìn òkè. Alùpùpù yẹn kú lẹ́ẹ̀mẹta lórí òkè kan ṣoṣo. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ẹ gbé báàgì yín, ẹ sáré. Kí ẹ tó dé, ọmọ ti jáde, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ pé bí ẹ bá fi pẹ́ sí i bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òkú lẹ máa bá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ ti alùpùpù náà wá bá wa, ojú yín ò dára rárá. Mo ní kí n dá gùn ún lọ wò. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ òkè, ó kú. Mo ṣí tánkì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn kò sí ọkọ̀ kankan lójú ọ̀nà, kò sí ariwo, mo wá gbọ́ ọ: fíìì. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú tánkì, ohun tó ń jí alùpùpù náà nìyẹn nígbàkigbà tí a bá ṣí i. Mo yí ìdérí náà síwá sẹ́yìn. Ihò bíńtín kan máa ń wà lórí rẹ̀, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí afẹ́fẹ́ ò bá gba ibẹ̀ wọlé, epo ò ní lè ṣàn lọ sísàlẹ̀. Ọ̀dà pupa mi ti dí i pátápátá. Ohun tí mo fi dúpẹ́ ẹ̀mí ìyàwó mi ló fẹ́ gba ẹ̀mí ìyàwó oníyàwó. Mo fi wáyà tín-ín-rín gún ihò náà, ó là, mo sì gùn ún dé orí òkè, mo gùn ún padà. Kò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Títí dé ibẹ̀, àṣìṣe ni, ẹ̀ṣẹ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ń kọ́ ẹnu mi bọ̀ lójú ọ̀nà: èmi ni, ọ̀dà mi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé, ó tó ogún èèyàn tó ti pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ bi mí, Nọ́ọ̀sì, ẹ ní, "Kí ló ṣe é? Ta ló fọwọ́ fà á?" Mo la ẹnu, ohun tó bọ́ níbẹ̀ ni, "Kábúrétọ̀ ni. Ẹ bi ẹni tó tò ó." Ojo ni mí, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ yíjú sí Ehoro, ẹ ní, "Ṣé o mọ̀ pé ìyá àti ọmọ lo fẹ́ pa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo?" Ehoro wò mí. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú epo dúdú tó wà nílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣàánú mi, mà."

Ṣé ẹ rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Ibẹ̀ kọ́. Ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo èèyàn ti lọ. Ehoro jókòó lórí táyà, ó ń fi kẹrosíìnì fọwọ́, ó ń fọ̀ ọ́ ṣáá. Ó ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Mo gbọ́ ọ pé kò ráyè mí ni. Mo gbọ́ ọ kedere. Àbí etí mi ti ń tàn mí?" Àwa méjì péré la wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí mo fẹ́ tijú fún. Bí mo bá ti sọ ọ́ nígbà yẹn, à bá jọ sunkún, à bá sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú ọ̀rẹ́ mi, mo ní, "Ó lè jẹ́ pé etí rẹ ti ń tàn ọ́."

Ní ọjọ́ kejì, ó kó gbogbo sípánà rẹ̀ fún mi. Ó ní òun ò ní fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì mọ́ kí òun má baà pa èèyàn. Ó sọdá sí òdìkejì títì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ táyà, ohun tó ń ṣe títí di òní nìyẹn. Èmi di Ọ̀gá, ẹni tó gbé alùpùpù aláìsàn jáde tó sì gbé e wálé pẹ̀lú àlàáfíà. Bí ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ ò dá bá ń kọjá, mo máa ń rí i láti ṣọ́ọ̀bù mi, á gbórí sókè, á fetí sí i, lẹ́yìn náà á tẹrí ba, á máa lẹ táyà rẹ̀ lọ. Òun náà ló ń wẹ̀ mí látìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀. Lánàá, bó ṣe ń fọ ẹ̀yìn mi, ó ní, "Ọlọ́run mọ ohun tó ṣe tó fi jẹ́ pé ìwọ lo dúró ti ẹ́ńjìnnì. Ká ní èmi ni, ǹ bá ti pa ìlú yìí tán." Ó ń rẹ́rìn-ín. Mo bomi sójú kó má baà rí i pé mò ń sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tún nǹkan ṣe, ẹ ó ṣàṣìṣe. Ọjọ́ tí ẹ bá ṣe é gan-an ni kí ẹ wí i, torí bó bá fi di ọjọ́ kejì, ẹnu á ti wúwo. Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn padà lórí Ehoro, èmi ló tọ́ sí. Ehoro, má wo ilẹ̀, èmi ni kó o wò. Mi ò ní kó o torí àìsàn dárí jì mí. Irọ́ ni mo pa fún ọ, mo sì mọ̀ pé irọ́ ni bó ṣe ń jáde lẹ́nu mi. Nínú gbogbo wa, ìwọ nìkan lo gbọ́ òótọ́ lọ́jọ́ yẹn. Mo bẹ̀ ọ́, kó o wí i sókè kí etí mi gbọ́ ọ kí n tó lọ, pé, "Mo mọṣẹ́ mi." Bó o bá ti wí i tán, kó o wá máa bá mi jà títí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn.