Kí Lo Fi Ṣe Sààrì?

Ọlọ́hun tó jẹ́ kí a rí òpin Iléyá tọdún yìí ni ọpẹ́ yẹ. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa àti àwọn ará ilé rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tó wà níwájú, ẹ̀yin ìyá tó wà lápá ọ̀tún, ẹ̀yin aládùúgbò wa tí kì í ṣe Mùsùlùmí tí ẹ wá jókòó tì wá, mo kí gbogbo yín. N kò ní pẹ́. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a mú relé: ẹni tó bá fẹ́ wọn ọmọ ọlọ́mọ, kí ó kọ́kọ́ wádìí ohun tó wà nínú ọmọ náà. N kò sọ ohun tó wà lórí rẹ̀ o. Inú ni mo wí. Ikùn.

Ìtàn kan ni n ó fi ṣàlàyé rẹ̀. N kò ní dárúkọ ìlú tó ti ṣẹlẹ̀, kí ọ̀rọ̀ wa má baà di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, nítorí ẹ mọ̀ pé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, ẹran ara ọmọ ìyá rẹ̀ ló ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí á kàn pe ọkùnrin inú ìtàn náà ní Àlájì Mùdáṣírù.

Olùkọ́ ni Àlájì yìí. Kíláàsì kẹfà ló ń kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan. Ẹ mọ irú ilé-ìwé tí mo ń wí. Òjò máa ń bá wọn kàwé nínú yàrá. Ọmọ mẹ́ta a jókòó lórí bẹ́ǹṣì ẹni méjì, èyí tí kò bá rí bẹ́ǹṣì a fi ilẹ̀ ṣe ìjókòó. Ṣùgbọ́n bí ọdún bá ti ń parí lọ, ìjọba ìpínlẹ̀ á gbé ìdánwò kan náà kalẹ̀ fún gbogbo ọmọ kíláàsì kẹfà, àti èyí tó ń ti ilé-ìwé tó ní ẹ̀rọ amúlétutù bọ̀, àti èyí tí òjò pa nínú kíláàsì. Bébà kan náà, aago kan náà. N kò sọ pé ìdánwò burú, ẹ jọ̀wọ́. Ọjà wo ni à ń ná láìsí òṣùwọ̀n? Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá ìtàn lọ.

Àwọn ọmọ tó bá ṣe dáadáa jù nínú ìdánwò náà ni ìjọba ń kó lọ sí ilé-ìwé girama kan tí wọ́n ti ń sùn, tí wọ́n ti ń jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, láìsan kọ́bọ̀. Láti ìgbà tí Àlájì ti ń kọ́ni, ọmọ kan kò tíì ti ilé-ìwé rẹ̀ débẹ̀. Ó ń dùn ún. Ó wá rí Múínátù.

Ọmọ opó ni Múínátù. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn tó ń ṣe àdín pa èkùrọ́. Ọmọ náà kò tóbi, ṣùgbọ́n bí Àlájì bá kọ ìṣirò sójú pátákó, kó tó yíjú padà, Múínátù ti ní ìdáhùn lẹ́nu. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a ní, "Múínátù, fi díẹ̀ sílẹ̀ fún wa ná." Òun a ní, "Ta ló di ẹsẹ̀ yín? Ẹ̀yin náà ẹ sáré." Àlájì a rẹ́rìn-ín. Ó wí fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ lo máa gbé orúkọ wa débẹ̀."

Ohun tó tún mú kí Àlájì fẹ́ràn rẹ̀ ni ààwẹ̀. Ní Mọ́ńdè àti Tọ́sìdeè, bí àwọn yòókù bá sáré lọ ra ìrẹsì lásìkò ìsinmi, Múínátù á jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Ìwọ ò ní jẹun ni?"

"Mo gba ààwẹ̀, sà."

Àlájì á pe àwọn tó kù. "Ẹ wo ọmọ tó mọ Ọlọ́hun. Nọ́fílà tí kò pọn dandan ló ń gbà. Ẹ̀yin, ìrẹsì lẹ mọ̀."

Nígbà tó yá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní Túsìdeè pẹ̀lú. Ó ní òun ń san ti Ràmàdáánì tó kù lọ́rùn òun. Àlájì ní Máṣáà-Álláhù.

Olùkọ́ obìnrin kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ Kristẹni, Ìyáàfin Ọláìtán. Ó sún mọ́ Àlájì lọ́jọ́ kan.

"Àlájì, ààwẹ̀ ọmọ yìí mà pọ̀ o."

"Ẹ ò lè mọ̀, Ìyáàfin. Ààwẹ̀ tiyín, ẹ máa ń mu tíì sí i."

"A máa ń mu ún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba ààwẹ̀, ṣé ó máa ń wo ẹnu ẹni tó ń jẹun báyẹn?"

"Èṣù ló ń dán an wò. Ó máa borí rẹ̀."

Ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ta ni nínú wa tí ì bá béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Lọ́dún yẹn, Iléyá bọ́ sí Sátidé, ìdánwò sì bọ́ sí Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e. Àlájì pa àgbò tó sanra. Ó pín in bí sùnnọ̀ ṣe wí: ìdá kan fún ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún tálákà. Ti ilé wọ ìkòkò. Ti ọ̀rẹ́ lọ sílé àwọn ọ̀rẹ́, àwọn náà sì fi tiwọn dá a padà. Ó wá ku ti tálákà. Ìyàwó rẹ̀ gbé e dání.

"Bàbá Rókíbà, èyí ńkọ́?"

"Tálákà tó bá fẹ́ á wá. Ta ni tálákà tí mo mọ̀ ládùúgbò yìí?"

"Ẹran ò ní dúró dè wọ́n o."

"Gbé e sínú fírísà. Á dúró."

Ó gbé e sínú fírísà. Ẹ̀yin ìyá, ẹ má wojú ara yín. Ìtàn ni mo ń sọ.

Mọ́ńdè pé. Wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí gbọ̀ngàn ilé-ìwé mìíràn tí wọ́n ti máa ṣe ìdánwò. Ìyáàfin Ọláìtán ti ra búrẹ́dì àti àkàrà dání, ó ní ìdánwò kò ṣeé fi ikùn lásán ṣe. Ó ń pín in kiri títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Múínátù. Ọmọ náà fà sẹ́yìn.

"Mo gba ààwẹ̀, mà."

Àlájì gbọ́. Àwọn olùkọ́ ilé-ìwé mìíràn náà gbọ́, àfáà kan sì wà láàárín wọn. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín: ọjọ́ Iléyá àti ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ jíjẹ àti mímu ni. Haráámù ni kéèyàn gba ààwẹ̀ nínú wọn.

Ojú ti Àlájì. "Lónìí kẹ̀? Múínátù, ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn?"

Ojú ọmọ náà wà lára búrẹ́dì.

"Èmi tí mo ń fi ọ́ yangàn. O ò mọ̀ pé ìjọsìn tí èèyàn bá ṣe lọ́jọ́ tí Ọlọ́hun ní ká má ṣe é, ẹ̀ṣẹ̀ ni?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka hàdíìsì. Ó kà á tán, ó túmọ̀ rẹ̀, ó tún ṣàlàyé ìtumọ̀ náà, nítorí àfáà tó wà níbẹ̀ ń gbọ́. Ìyáàfin Ọláìtán dúró tòun ti búrẹ́dì lọ́wọ́.

"Àlájì, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ ná."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ọ. Ẹ̀kọ́ ló ṣáájú."

Ibi tó kọ́ ọ dé nìyẹn tí agogo fi lù. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ wọlé. Búrẹ́dì kù sọ́wọ́ Ìyáàfin.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn kò pọ̀. Àlájì ń wò láti ojú fèrèsé. Ó rí Múínátù tó ń sáré kọ̀wé bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ó gbé orí lé tábìlì. Àlájì rò pé ó ń ronú ni. Ẹni tó ń ṣọ́ wọn fọwọ́ kàn án léjìká. Ó gbórí sókè, ó tún gbé e sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gba bébà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì rẹ̀ funfun.

Àlájì pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Inú ń bí i.

"Ṣé o rí i? Ààwẹ̀ èèwọ̀ ló kó bá ọ."

"N ò gba ààwẹ̀, sà."

"Ìwọ tí o sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn?"

"Ẹnu mi ló ti mọ́ ọn. Mo gbàgbé pé Iléyá ni."

"Ti Mọ́ńdè tó kọjá ńkọ́? Ti Tọ́sìdeè?"

Ọmọ náà wolẹ̀. "Ìyá mi ló ní bí kò bá sí oúnjẹ, ká máa wí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó ń bi aláààwẹ̀ léèrè nǹkan mìíràn."

Àlájì tún béèrè, bí ẹni tó ń wá ibi tó máa gbà jáde. "Iléyá yìí ńkọ́? Ẹ ò jẹ ẹran?"

"A gbóòórùn tiyín, sà. Ẹ̀yìn ilé yín là ń gbé."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Àlájì gbé ẹran yẹn kúrò nínú fírísà. Ó ti dì bí òkúta. Ó gba ẹ̀yìn ilé ara rẹ̀ jáde, ọ̀nà tí kò gbà rí láti ọdún tó ti kọ́lé síbẹ̀. Ìyá Múínátù wà lórí àpótí, ó ń pa èkùrọ́.

"Ẹ kú ọdún, Àlájì. Ẹ kú ìyèdún."

"Ìyá Múínátù, ìpín yín nìyí. Ọwọ́ mi ló pẹ́."

Obìnrin náà fọwọ́ kàn án. "Ó tutù."

"Inú fírísà ló wà."

"Ẹ ṣeun. Kí Ọlọ́hun gbà á lẹ́sìn." Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò ṣí i wò. "Ẹ má bínú sí ọmọ náà torí irọ́. Èmi ni mo fi kọ́ ọ. N ò fẹ́ kí wọ́n máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni." Ó tún pa èkùrọ́ bíi mélòó kan kó tó béèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. "Ìdánwò yẹn ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n ń bọ́ àwọn ọmọ nílé-ìwé girama yẹn. Ṣé ó máa wọlé?"

Àlájì, tó ka hàdíìsì láàárọ̀ títí agogo fi lù, yíjú, ó gba ẹ̀yìn ilé rẹ̀ padà wọlé.

Kò wọlé, ẹ̀yin èèyàn mi. N kò ní tàn yín. Gbogbo èyí tó dáhùn ló tọ̀nà, àmọ́ ìdajì kò tó. Wọ́n gbé máàkì jáde, àwọn ará ìlú sì sọ ohun tí wọ́n máa ń sọ, pé ọmọ ilé-ìwé ìjọba kò mọ̀wé. Ilé-ìwé girama tó wà nítòsí ni Múínátù lọ. Orí rẹ̀ ṣì pé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ọ̀hún ti tì.

Àlájì ṣì ń kọ́ kíláàsì kẹfà. Ó bá àwọn ará mọ́sáláásí rẹ̀ sọ̀rọ̀, Ìyáàfin Ọláìtán náà bá ìjọ tirẹ̀ sọ ọ́, ìkòkò kan sì máa ń wà lórí iná nílé-ìwé náà láàárọ̀ ìdánwò, àti láwọn àárọ̀ mìíràn tí agbára bá ká a. Bí ọmọ kan bá wí fún Àlájì pé òun gba ààwẹ̀, kì í yìn ín mọ́, kì í sì í bá a wí. Á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á sọ ọ́ sí i létí: "Kí lo fi ṣe sààrì?" Ẹni tó gba ààwẹ̀ lóòótọ́, tó ti jẹ sààrì kí ilẹ̀ tó mọ́, á dáhùn kíá: ẹ̀bà ni, ẹ̀wà ni, ìrẹsì àná ni. Ẹni tí kò bá rí ìdáhùn, Àlájì á fà á lọ́wọ́ lọ sídìí ìkòkò.

Ẹ̀yin jàmáà, ààwẹ̀ ní Màǹgàríbì tirẹ̀ tí a fi ń ṣínu. Ebi kò ní. Ọlọ́hun ti sọ fún wa nípa àwọn aláìní kan tí aláìmọ̀ á máa rò pé wọ́n rí jẹ, nítorí wọn kì í tọrọ. Ta ni aláìmọ̀ yẹn? Àlájì Mùdáṣírù kò jalè. Òfin tó kà fún ọmọ náà, òtítọ́ ni. Ó kàn kà á nígbà tó yẹ kí búrẹ́dì wà lẹ́nu ọmọ ni. Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí tí ẹ ń fi máàkì bú ọmọ ẹlòmíràn, àti èmi tí mo di gbohùngbohùn mú yìí, kí a tó ka òfin, kí a tó wo máàkì, ẹ jẹ́ ká béèrè nípa sààrì. Ẹran Iléyá kò sì tíì tán nílé wa. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí fírísà.

Ọlọ́hun, Ìwọ tó ń bọ́ni tí ẹnikẹ́ni kì í bọ́, fi ọ̀nà hàn wá. Má jẹ́ kí á máa yin ọmọ ọlọ́mọ fún ebi tí àwa ìbá ti bá a lé lọ. Fún wa ní ojú tí a ó fi rí ẹni tó ń gbé ẹ̀yìn ilé wa, kí O tó bi wá léèrè rẹ̀ lọ́jọ́ tí bébà tiwa yóò wà lọ́wọ́ Rẹ. Má jẹ́ kí a bá ìdajì rẹ̀ ní funfun. Àmín.