Ẹ̀rín Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Baba Àdúrà Lẹ́nu

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi pé ogún ọdún géérégé lóṣù tó kọjá, dókítà sì ti ní kí n máa palẹ̀ mọ́. Ìyá agbẹ̀bí, ẹ̀yin tí mo ránṣẹ́ pè wá síbi ibùsùn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ara mi ò balẹ̀.

Èmi ni mo ń gé fídíò nílé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà tí wọ́n mú yín pé ẹ ṣẹ́ oyún fún aboyún kan. Agbẹjọ́rò ìjọba tí ẹjọ́ yín wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣí fáìlì láìgbàdúrà, ìdí nìyẹn tí a fi ń pè é ní Baba Àdúrà. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ó sọ fún oníròyìn wa pé: "Ẹ̀ṣẹ̀ ni oyún ṣíṣẹ́. Ẹni tó bá ṣe é, màá gbé e lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìyá yìí ò ṣe é. Oyún ọ̀hún ti kú sínú kí aboyún tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, màá ní kí wọ́n tú u sílẹ̀." Bí wọ́n ṣe ń ká wáyà, awò ojú rẹ̀ já bọ́ sínú ife tíì, ó bú sẹ́rìn-ín. Kámẹ́rà ò tíì kú.

Ọ̀gá mi dúró lẹ́yìn àga mi. "Àbúrò, ta ló fẹ́ wo alágbà aláàánú? Ìkookò làwọn èèyàn ń retí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ̀gbọ́n. Màá so ìrù mọ́ ọn."

Ẹnu mi yìí náà ni! Mo gé "ṣùgbọ́n" dànù pẹ̀lú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e. Mo fi ẹkún tí kámẹ́rà wa ká lójú yín lọ́jọ́ tí wọ́n mú yín síbẹ̀, mo wá lẹ ẹ̀rín inú tíì mọ́ ẹ̀yìn ẹkún. Ṣe ni mo ń súfèé.

Ìlú gbóná mọ́ ọn. Kí ọjọ́ Ajé tó pé, wọ́n ti gba fáìlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó rọ́pò rẹ̀ kì í gbàdúrà, kì í sì í ka fáìlì. Òun ló rojọ́ títí adájọ́ fi rán yín lẹ́wọ̀n ọdún méje.

Èyí tó burú jù ṣì ń bọ̀. Baba Àdúrà wá bá mi. "Ọmọ mi, mi ò wá jà. Wọn ò gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ mọ́. Fún mi ní odindi kásẹ́ẹ̀tì yẹn kí n fi han adájọ́." Orúnkún mi kan àpótí tábìlì tí mo tì í mọ́. Mo ní, "Bàbá, a ti pa á rẹ́."

Baba Àdúrà ti kú. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ mọ́. Kásẹ́ẹ̀tì náà nìyí, ìyá, kí orúkọ yín lè mọ́. Ẹ dárí jì mí, bí ẹ bá lè ṣe é. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gé fídíò lónìí: ẹni tí wọn ò fẹ́ràn gan-an ni kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí.