Ìkọ́ Mẹ́rin Tó Ṣófo

[Agogo mẹ́jọ àárọ̀. Jasenka, akọ̀wé kọ̀ǹpútà, ń pe Dervo, ọ̀gá ìwakùsà èédú.]

JASENKA: Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Jasenka ni, láti yàrá àtùpà.

DERVO: Káàárọ̀, káàárọ̀. Sọ kíá. Àwọn ìyàwó awakùsà ń sọ òkò.

[Gíláàsì fọ́.]

DERVO: Wọ́n ti yọ eyín Pero, ẹ̀ṣọ́ wa, ní géètì.

JASENKA: Ìyá Mejra fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi lánàá. Àárọ̀ yìí ni mo rí i.

DERVO: Arúgbó tó ń fún wọn ní àtùpà? Kí ló tún kù tó fẹ́?

JASENKA: Ìkọ́ mẹ́rin ló ṣófo lójú pátákó. Àmì idẹ mẹ́rin tí awakùsà ń mú wọ ihò ò padà sókè—

DERVO: Ìka ọwọ́ ni Mejra fi ń ka nǹkan. Kọ̀ǹpútà rẹ ní mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún wọlé, mẹ́rìnlélọ́gọ́rùn-ún jáde. Òun la gbà gbọ́ ká tó fi sìmẹ́ǹtì dí ihò kẹta lánàá, kí iná inú rẹ̀ lè kú. Ṣé o gbọ́ mi?

JASENKA: Mo gbọ́. Ẹni tó wà nínú àtẹ méjèèjì, ti ìwọlé àti ti ìjáde, nìkan ni kọ̀ǹpútà kà, ọ̀gá. Ẹni tó wọlé tí ò jáde, kò sí nínú àtẹ kejì. Ó jábọ́.

DERVO: Ta ló kọ irú ètò kọ̀ǹpútà yẹn?

JASENKA: Èmi ni. Ẹ ní ti àtijọ́ ń wọ́ bí ìgbín, kí n wá èyí tó yá. Mo tún un kà láti inú àtẹ ìwọlé. Méjìdínláàádọ́fà ló wọlé.

DERVO: Ṣé o gbọ́ mi? Iná ti jó àwọn yẹn.

JASENKA: Wọ́n ń lu páìpù láti inú ihò. Ìyá Mejra gbọ́ ọ ní ìdájí òní.

DERVO: Bí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ á wọlé, òkè á bú gbàmù. Dìlíìtì orúkọ mẹ́rin yẹn—

[Òòlù ń lu ilẹ̀kùn Dervo.]

DERVO: Jasenka. Ọwọ́ rẹ ló kọ ọ́. Ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ fà ya.

JASENKA: Bóyá. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

DERVO: Màá kán ọwọ́ yẹn fún ẹ—

JASENKA: Mi ò ní pa orúkọ kankan rẹ́. Mo ti kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sórí ìwé. Mò ń lọ kà á sí wọn létí. Màá sọ pé èmi ni mo ṣì í kà. Lẹ́yìn náà màá ní kí wọ́n kó òòlù kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yín, kí wọ́n gbé e wá sí ihò kẹ—

[Ìpè gé.]